Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ tẹ́ ẹ ti lé lọ́gbọ̀n ọdún: Rehoboamu kì í ṣe ọmọdé

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ káàkiri àwọn ìjọ wa, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú bí nǹkan ṣe wọ́n lọ́jà yìí náà. Kì í ṣe àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ni mò ń kọ̀wé sí, àwọn yẹn ṣì ní òbí tó lè fà wọ́n létí. Ẹ̀yin tá a jọ ń jẹ́ ọ̀dọ́ títí a ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti níṣẹ́ lọ́wọ́, tẹ́ ẹ ń san owó ilé, tí ẹlòmíì ti bímọ méjì mẹ́ta, ẹ̀yin gan-an. Torí pé ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu wa báyìí, bá a bá parí mítìn ẹ ó gbọ́ ọ, bá a bá wà lórí wáàsáàpù ẹ ó rí i: "àwọn bàbá yìí ò mọ nǹkan kan mọ́ jàre, ayé ti kọjá ibi tí wọ́n bá a dé." Mo gbọ́ ọ títí ó sú mi, ó sì ń bà mí lẹ́rù, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 12. Gbogbo wa la mọ ìtàn Rehoboamu, wọ́n ti kọ́ wa ní sọ́ńdè sukúù. Sólómọ́nì kú, ọmọ ẹ̀ fẹ́ jọba, gbogbo Ísírẹ́lì pé jọ sí Ṣékémù, wọ́n ní bàbá ẹ di àjàgà tó wúwo lé wa lọ́rùn, bá wa mú un fúyẹ́ díẹ̀, a ó máa sìn ọ́. Ó ní kí wọ́n padà wá ní ọjọ́ mẹ́ta, ó bi àwọn àgbà, ó bi àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó mú tàwọn ọ̀rẹ́, ìjọba pín sí méjì. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ fún wa nìyẹn, àwa náà á sì máa rò ó pé ọmọ kékeré kan tí ò tíì gbọ́n ló hu ìwà yẹn. Àmọ́ ẹ ṣí orí 14 ẹsẹ 21 kẹ́ ẹ kà á dáadáa. Ọmọ ọdún 41 ni Rehoboamu nígbà tó gorí ìtẹ́! Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún! Àwọn tí Bíbélì ní wọ́n bá a dàgbà yẹn, ẹgbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n, á jẹ́ pé àwọn náà ti ń sún mọ́ ogójì tàbí kí wọ́n ti kọjá ẹ̀. Irú wa ni wọ́n. Àwọn tó bá jẹ́ lónìí ni, wọ́n á wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n á ra áńkárá ẹgbẹ́, ọ̀kan nínú wọn á sì jẹ́ akọ̀wé.

Ẹ wo ohun táwọn àgbà sọ fún un ná, torí a kì í dúró níbẹ̀ pẹ́. Wọ́n ní tó bá lè ṣe ìránṣẹ́ fáwọn èèyàn yìí lónìí, kó dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rere, wọ́n á jẹ́ ìránṣẹ́ ẹ̀ títí láé. Ẹ ò rí i bí ìmọ̀ràn yẹn ṣe rọ̀ tó? Àwa a máa rò ó pé àgbà ni í le, pé àgbà ni í sọ pé má ṣe tibí, má dé tọ̀hún, ṣùgbọ́n ní Ṣékémù, àwọn àgbà ló ní kó rọra, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ní kó lọ sọ fún wọn pé ìka òun tó kéré jù nípọn ju ìbàdí bàbá òun lọ, pé bàbá òun fi pàṣán nà wọ́n, òun á fi àkekèé nà wọ́n. Kí ló dé táwọn àgbà fi rọ̀? Bíbélì sọ ọ́, ó ní wọ́n ti ń dúró níwájú Sólómọ́nì nígbà tó wà láyé. Wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tó ń kó 30,000 ọkùnrin síṣẹ́, tó ń rán 10,000 lọ sí Lẹ́bánónì lóṣooṣù lọ gé igi. Wọ́n gbọ́ ẹkún àwọn ìyàwó tó ń dá nìkan sùn. Wọ́n mọ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn aráàlú lẹ́sẹ̀, àwọn ọmọ ààfin ò mọ̀ ọ́n, torí wọn ò gbé òkúta rí.

Ibẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ ká dúró sí. Ọ̀rẹ́ ẹ lè fẹ́ràn ẹ tọkàntọkàn, kó gbàdúrà fún ẹ, kó yá ẹ lówó, kó má sì mọ̀ ju ohun tí ìwọ náà mọ̀ lọ. Ẹ jọ dàgbà ni, ẹ jọ lọ síléèwé ni, ìròyìn kan náà lẹ jọ ń kà lórí fóònù, ibi tí ojú ẹ ò dé, báwo lojú tiẹ̀ ṣe fẹ́ débẹ̀? Tó o bá bi í léèrè, èrò tìẹ náà ló máa gbà lẹ́nu ẹlòmíì padà wá bá ẹ, inú ẹ á wá dùn pé ẹni méjì ti fọwọ́ sí i. Mo gbà pé ohun tí Rehoboamu ń wá gan-an nìyẹn. Ó ti pinnu kó tó bèèrè. Bíbélì ní ó kọ ìmọ̀ràn àwọn àgbà sílẹ̀ KÓ TÓ LỌ bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ẹ lọ wo ẹsẹ 8, kò tiẹ̀ fi méjèèjì sórí ìwọ̀n kó wò ó.

Ohun tó sì ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló máa ń dùn mí jù. Nígbà táwọn èèyàn bínú lọ, tí nǹkan ti ń bàjẹ́, ẹni tó rán lọ bá wọn ni Adoramu, ẹni tó jẹ́ olórí iṣẹ́ tipátipá yẹn gan-an! Nínú gbogbo èèyàn! Wọ́n sọ bàbá yẹn lókùúta pa, ọba sáré gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin sá lọ sí Jerúsálẹ́mù. Àgbà kan ṣoṣo tó bá wà nítòsí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ì bá ti sọ fún un pé olúwa mi, ẹni yìí kọ́ o. Ẹ̀yà mẹ́wàá lọ, wọn ò padà sábẹ́ ilé Dáfídì mọ́. Nígbà tó di ọdún karùn-ún, Ṣíṣákì ọba Íjíbítì wá, ó kó ohun tó wà nílé Olúwa àti nílé ọba, ó kó gbogbo asà wúrà tí Sólómọ́nì ṣe. Kí ni Rehoboamu ṣe? Ó fi idẹ rọ òmíràn, tó bá ti ń lọ sílé Olúwa àwọn ẹ̀ṣọ́ á gbé e tẹ̀ lé e, tó bá ti dé wọ́n á lọ kó o pa mọ́. Idẹ nípò wúrà, kí ìrìn lè ṣì pé. Ẹ̀yin ará mi, ṣé a ò mọ irú ìgbé ayé yẹn láàárín wa?

Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sílé. Nígbà tí MMM, ètò owó orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, gbòde ní 2016, tí wọ́n ní ẹni tó bá fi owó sílẹ̀ á gba ọgbọ̀n lé lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù kan, ṣebí àwọn èèyàn jẹ́rìí sí i nínú ṣọ́ọ̀ṣì. CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, kìlọ̀, wọn ò gbọ́. Àmọ́ nínú ilé tó pọ̀, kó tiẹ̀ tó kan CBN, màmá àgbà kan ti wà tó bèèrè pé "kí ni wọ́n ń tà? Kí ni wọ́n ń rà? Ta ló ń ṣiṣẹ́ owó yẹn?" Wọ́n ní Màmá, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, kò lè yé yín. Nígbà tó di àárín December ọdún yẹn, wọ́n ti owó gbogbo èèyàn pa, ọdún Kérésì dé, ẹlòmíì ò rí owó ra ìrẹsì. Lóòótọ́ Màmá ò mọ íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n Màmá mọ wonder bank, àwọn tó ń gba owó èèyàn pẹ̀lú ìlérí èrè gọbọi, wọ́n ti rí i ká tó gbọ́n. Wọ́n wà láyé nígbà tí CBN gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báǹkì 26 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní January 1998, báǹkì gidi o, tó ní ilé, tó ní máígáàdì, tó kọ orúkọ gàdàgbà síta, owó àwọn oníṣòwò wọlé sínú ẹ̀. Nígbà tó tún di April 2025, CBEX, ètò owó orí íntánẹ́ẹ̀tì míì, náà dé ibi tí MMM dé, wọ́n ti ṣèlérí pé owó á di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan, bó ṣe dojú dé báyìí, ní Ìbàdàn àwọn èèyàn ya wọ ọ́físì wọn, wọ́n ń ru àga. Orúkọ ló yí padà láti 2016 sí 2025. Ìbéèrè Màmá ò yí padà, òun náà ni ìbéèrè tó yẹ kí ẹnikẹ́ni béèrè kó tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ṣì kéré, owó lè padà wá. Ẹ jẹ́ ká sọ ti ìgbéyàwó. Mò ń rí àwọn tọkọtìyàwó àfẹ́sọ́nà tí kọ́míitì ìgbéyàwó ìjọ ní kí wọ́n lọ ṣe jínótáìpù, tí èsì jáde, AS àti AS, táwọn àgbà pè wọ́n jókòó, tí wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá wọn sọ ọ́, tí wọ́n wá bínú kúrò níbẹ̀, wọ́n lọ síjọ míì tí wọn ò ti béèrè. Wọ́n ní Ọlọ́run ló so àwọn pọ̀. Ẹ gbọ́, AS fẹ́ AS, gbogbo oyún tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yẹn lè jẹ́ SS, ìyẹn kó ní àrùn sickle cell, oyún kọ̀ọ̀kan o, kì í ṣe pé bí àkọ́kọ́ bá ti jẹ́ SS àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn. Àwọn ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin wa tí wọ́n fẹ́ ọkọ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ jínótáìpù, tí wọ́n gbé ọmọ sáré lọ sọ́sípítù lóru, tí wọ́n dúró ti ọmọ tí gbogbo egungun ń ro, tí wọ́n sin ọmọ. Nígbà tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá dì ẹ́ lọ́wọ́ mú pé ọmọ mi, jọ̀ọ́, má ṣe é, èèyàn wá lè ní ojú láti sọ fún un pé ìgbàgbọ́ ẹ̀ ló kéré?

Ọ̀rọ̀ "Ọlọ́run ló bá mi sọ̀rọ̀" yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ jù, torí òun la fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn àgbà báyìí. Tó o bá ti lè sọ ọ́, ta ló tún fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan? Ó dáa, ta ni Ọlọ́run bá sọ̀rọ̀ ju Mósè lọ? Ojúkojú ni! Ẹ ka Ẹ́kísódù 18. Mósè ti lé lọ́gọ́rin ọdún nígbà yẹn, ó ti la Òkun Pupa kọjá, mánà ń bọ́ láti ọ̀run lójú ẹ̀. Jẹ́tírò àna ẹ̀ wá kí i, àlùfáà Mídíánì, kì í tiẹ̀ ṣe ọmọ Ísírẹ́lì. Ó jókòó, ó wò ó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, gbogbo èèyàn to sẹ́yìn Mósè pé kó bá wọn dájọ́. Ó bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ nìkan. Lẹ́yìn tó gbọ́ àlàyé ẹ̀, ó ní ohun tó ò ń ṣe yìí ò dáa, ó máa rẹ̀ ẹ́, á rẹ àwọn èèyàn yìí náà, yan àwọn tó bẹ̀rù Ọlọ́run tí wọ́n kórìíra àbẹ̀tẹ́lẹ̀, fi wọ́n ṣe olórí ẹgbẹ̀rún, olórí ọgọ́rùn-ún, olórí àádọ́ta, olórí mẹ́wàá-mẹ́wàá. Mósè ò sọ pé "Baba, ṣé ẹ mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lórí òkè?" Bíbélì ní ó gbọ́, ó sì ṣe gbogbo ohun tó sọ. Ọlọ́run tó ń bá Mósè sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ yẹn lè sọ ọ́ fún un fúnra ẹ̀, ẹnu bàbá àgbà ló gbé e gbà.

Nílẹ̀ wa níbí náà, ẹ rántí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ẹni tó ń wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà, tí ìpè dé bá ní 1928, tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà ní 1930, tí èrò ń wọ́ tọ̀ ọ́ láti ibi gbogbo. Nígbà tí ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi wá fìdí múlẹ̀, ta ni wọ́n fi ṣe ààrẹ? Baba Isaac Akínyẹlé ni, tí wọ́n bí ní 1882, tó ju Babalọlá tí wọ́n bí ní 1904 lọ ní ọdún 22, tó tún wá di Olúbàdàn nígbà tó yá. Ajíhìnrere àgbà ni Babalọlá. Ẹni tí omi ìyanu ń ṣàn lọ́wọ́ ẹ̀ ló wà lábẹ́ àgbà yẹn, tí àgbà ń darí ìjọ, òun ń wàásù kiri. Lásìkò yìí, ẹni tí àdúrà ẹ̀ bá gbà lẹ́ẹ̀mejì péré ti ń wá gbọ̀ngàn tó máa fi dá tiẹ̀ sílẹ̀.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé kì í ṣe gbogbo àgbà ló gbọ́n. Òótọ́ ni, mi ò ní bá yín jiyàn, Élíhù sọ ọ́ nínú Jóòbù 32 pé ọjọ́ orí nìkan ò sọ èèyàn di ọlọ́gbọ́n. Ọlọ́run fúnra ẹ̀ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ìtàn kan sí Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 13, lẹ́yìn ìtàn Rehoboamu gan-an. Èèyàn Ọlọ́run kan wá láti Júdà sí Bẹ́tẹ́lì, Ọlọ́run ti sọ fún un pé má jẹun níbẹ̀, má mumi, má gba ọ̀nà tó o gbà wá padà. Jeroboamu, ọba àwọn ẹ̀yà mẹ́wàá tó lọ yẹn, ní kó wá jẹun, ó kọ̀. Wòlíì àgbà kan wá gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tọ̀ ọ́ lọ, ó bá a lábẹ́ igi óákù, ó ní wòlíì lèmi náà, áńgẹ́lì ló ní kí n mú ẹ padà. Irọ́ ló pa. Èèyàn Ọlọ́run yẹn bá a lọ, ó jẹun, bó ṣe ń lọ kìnnìún pa á lójú ọ̀nà. Ìyẹn náà wà nínú Bíbélì wa, a ò gbọ́dọ̀ fò ó. Ewú lórí ò lè pa ohun tí Ọlọ́run ti sọ tẹ́lẹ̀ rẹ́.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ eléyìí síta gbangba: àgbà ìjọ tí obìnrin bá wá bá pẹ̀lú ojú tó wú, tí ọkọ ti lù ú bẹ́ẹ̀, tó wá sọ fún un pé "padà lọ fara dà á, àdúrà la ó fi gbà á", ìmọ̀ràn tó lè pa èèyàn ló fún un. Àgbà tó ní kó o fọwọ́ síwèé ilẹ̀ ẹbí láì jẹ́ kó o kà á, má tẹ̀ lé e. Àgbà tó ní o ò gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣe fún ẹ fún ẹnikẹ́ni, sá kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, lọ sọ ọ́. Gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí Ọlọ́run ti sọ, wo ẹni tó máa jèrè níbẹ̀. Wòlíì àgbà Bẹ́tẹ́lì yẹn, ohun tó ń wá wà lọ́kàn ẹ̀. Àwọn àgbà Ṣékémù ò jèrè kankan nínú kí ọba sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ìlú ni wọn ò fẹ́ kó tú. Jẹ́tírò náà, lẹ́yìn tó sọ tiẹ̀ tán, ó ní "bí Ọlọ́run bá sì pàṣẹ fún ọ bẹ́ẹ̀", ó fi àyè sílẹ̀, ó sì gba ilé ẹ̀ lọ, kò dúró máa bi í pé ṣé o ti ṣe ohun tí mo wí.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó bá rí lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bíi Jẹ́tírò fún wa. Ẹ kọ́kọ́ wò wá ná, ẹ bi wá léèrè, kẹ́ ẹ tó sọ ọ́. Àwọn míì nínú yín, ẹ̀yin náà lẹ lé wa, bá a bá ti lanu báyìí ẹ ó ti ní nígbà tèmi, nígbà tèmi, ẹ ò sì tíì gbọ́ ohun tá a gbé wá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kí n padà sọ́dọ̀ yín. Àgbà kan tó burú ò sọ gbogbo àgbà di òpùrọ́, bí oníṣègùn kan bá ṣì ṣe, ẹ ṣì máa ń lọ sọ́sípítù. Nínú ìjọ tó o wà yẹn, bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti ń jókòó síbì kan náà láti ọjọ́ yìí, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ ń kí i tìfẹ́tìfẹ́, òun àti ìyàwó ẹ̀ ṣì máa ń rẹ́rìn-ín síra wọn. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí ọkọ kú mọ́ nígbà tó ṣì kéré, tó ta ọjà tọ́ ọmọ márùn-ún, tí kò jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni. Wọn ò sí lórí pèpéle, wọn ò ní oyè, ẹ lè má mọ orúkọ wọn. Àwọn yẹn ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ lọ bá wọn nílé, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí gbogbo èèyàn ń wá bọ́ọ̀sì, ẹ ra búrẹ́dì dání, ẹ jókòó. Kẹ́ ẹ sì lọ kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ tó mú déètì, kẹ́ ẹ tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó ta ilẹ̀ bàbá yín láti fi ra físà. Ẹni tó ti sanwó tán tó wá ń bèèrè, oríyìn ló ń wá kiri.

Ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí yín. Ọ̀sẹ̀ ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ má pe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìwúrí wá láti ìlú míì. Ẹ mú àgbà mẹ́ta nínú ìjọ yín gan-an, ẹni tó ṣòwò, ẹni tó ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì, ìyá tó tọ́mọ. Ẹ gbé àga sáàárín wa, ká má fi sórí pèpéle, kí wọ́n má wàásù. Kí olúkúlùkù kọ ìbéèrè sínú bébà láì kọ orúkọ, ká jù ú sínú àpótí, kí wọ́n máa fà á yọ lọ́kọ̀ọ̀kan: báwo lẹ ṣe san gbèsè yẹn, kí lẹ ṣe lọ́dún tí ọkọ yín ò níṣẹ́, ewo nínú ohun tẹ́ ẹ bá Ọlọ́run jà lé lórí lẹ padà dúpẹ́ pé kò fún yín, kí ni ẹnì kan sọ fún yín tẹ́ ẹ ò gbọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ Bíbélì nìkan dáhùn, kí wọ́n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìjọ tó bá ṣe é, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bó ṣe lọ, àti ìbéèrè tó pọ̀ jù nínú àpótí yẹn, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Olúwa á wà pẹ̀lú yín.

Èmi ni,
arábìnrin yín nínú Kristi, ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ bíi tiyín.